Wákàtí ni kí ẹ kà, ẹ má ka máìlì: ìsinmi orí alùpùpù ní òkè àríwá Scotland

NC500 ni wọ́n ń pe títì tó yí òkè àríwá Scotland po. Inverness ló ti bẹ̀rẹ̀, Inverness náà ló padà sí, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 516. Ọdún 2015 ni wọ́n fún un lórúkọ yìí, èrò sì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ látìgbà náà. Òkun, òkè, adágún omi àti etíkun oníyanrìn funfun, gbogbo rẹ̀ wà lójú ọ̀nà kan náà. Fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba tó sì fẹ́ràn alùpùpù, a ò mọ ibòmíràn tó yẹ kó kọ́kọ́ lo ìsinmi ọdún rẹ̀ sí.

Ohun tó ń ba ìrìn-àjò yìí jẹ́ kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú títì. Inú ilé ló ti ń bàjẹ́, nígbà tí èèyàn bá pín 516 sí ọ̀nà mẹ́ta, tó rí 172, tó ní kò sí wàhálà. Òótọ́ ni pé wákàtí mẹ́ta ni máìlì 172 lórí ọ̀nà márosẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀-oòrùn àti àríwá NC500 kún fún títì tí ọkọ̀ kan ṣoṣo gbà. Ẹ ó dúró de ẹni tó ń bọ̀, ẹ ó dúró de àgùntàn tó sùn sójú ọ̀nà, ẹ ó sì dúró wo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Òfin lè fàyè gba 60, máìlì 25 sí 30 ní wákàtí kan lẹ ó máa rìn. Máìlì 172 á wá di nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí méje lórí àga, ẹ ò tíì jẹun, ẹ ò tíì ra epo. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ọrùn-ọwọ́ ti rọ, ojú ti wúwo, ìgbà yẹn gan-an sì ni àgbọ̀nrín ń jáde sójú títì.

Ọjọ́ mẹ́fà la fara mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ kan lápò fún òjò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ gba ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí kò gun irú títì yìí rí, kó kọ́kọ́ gba ìlà-oòrùn, nítorí pé láti Inverness dé John o' Groats, bíi máìlì 120, títì fẹ̀ dáadáa, ẹ ó sì fi ọjọ́ kan mọ bí alùpùpù ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ọjọ́ kejì, ẹ gba Thurso, Bettyhill àti Tongue dé Durness, bíi 90, níbi tí títì ti ń fún díẹ̀díẹ̀ tó sì yí omi Loch Eriboll ká. Ọjọ́ kẹta, ẹ gba Scourie, ẹ kọjá afárá Kylesku tí wọ́n ṣí lọ́dún 1984. Lẹ́yìn afárá yìí, títì kékeré B869 gba Drumbeg lọ sí Lochinver: ó gun, ó sọ̀, ó wọ́, ó sì lẹ́wà ju gbogbo ibi tí ẹ ti kọjá lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ gba títì ńlá ẹ̀gbẹ́ adágún Loch Assynt. Ẹ sùn sí Ullapool. Ọjọ́ kẹrin dé Torridon, ọjọ́ karùn-ún dé Applecross. Ọjọ́ karùn-ún yẹn kò gùn rárá, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ara lè le fún òkè ọjọ́ kẹfà.

Oṣù Karùn-ún ló dára jù. Ojúmọ́ ti gùn, àwọn ọmọ ilé-ìwé kò tíì gba ìsinmi, kòkòrò midge kò sì tíì pọ̀. Ó kéré ju ẹ̀fọn lọ, ọgọ́ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń bo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, láti ìparí oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Ibi tó tutù tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ ló ń gbé, pàápàá ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pàgọ́, ibi gíga tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ẹ wá, kì í ṣe ibi rírẹlẹ̀ tó wà létí omi.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Wọn kì í bá yín fi ti Nàìjíríà pààrọ̀ ti Ìlú Ọba, ẹni tó bá sì ti lé ní oṣù 12 níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn. CBT, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gun alùpùpù, nìkan kò tó. 125cc ló mọ, ẹ ò lè gba ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ò lè gbé èèyàn sẹ́yìn, ọdún méjì sì ni ó ń lò. Ẹ ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà Module 1 àti Module 2, ìyẹn ìdánwò méjì tí ẹ ó ti gun alùpùpù. Ẹni ọdún 19 lè gba ìwé àṣẹ A2, tó mọ sí agbára kílówáàtì 35, ẹni ọdún 24 sì lè gba ìwé àṣẹ A, tó wà fún gbogbo alùpùpù. Ẹ má rò pé alùpùpù 1200cc nìkan ló lè ṣe é: 400 tàbí 500 tó fúyẹ́ rọrùn jù ú lọ lórí títì tóóró.

Àwọn tó kọ́ gígùn alùpùpù nílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ òsì ni Ìlú Ọba. Nínú ìlú, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn á máa rán yín létí. Lórí títì tí kò sí ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ra epo tàbí ya fọ́tò tán, ara á fẹ́ padà sí ohun tó kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ fi téépù ya ọfà tó kọjú sí òsì sórí táǹkì, níbi tí ojú yín á ti máa rí i.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tún alùpùpù wò pẹ̀lú gbogbo ẹrù lórí rẹ̀. Òfin ní kí ojú taya má dín ní mílímítà 1, àmọ́ ẹ má fi èyí tí kò tó 3 lọ. Atẹ́gùn taya, PSI 36 níwájú àti 42 lẹ́yìn ló wọ́pọ̀ fún alùpùpù ńlá tó ru ẹrù; ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kí taya tó gbóná. Ṣéènì ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe. Wọ́n á fà á le nígbà tí kò sí ẹrù, ẹrù á wá tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀, ṣéènì á le gan-an, á sì máa jẹ bẹ́ríǹ. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù títì, kó máa mì ní mílímítà 25 sí 35. Bí ẹ bá yí taya ẹ̀yìn tó mì lápá kan tó le lápá kejì, ṣéènì yẹn ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ máa fi òróró sí i ní gbogbo máìlì 300, àti lẹ́yìn òjò. Òróró búréèkì tó bá ti lé ní ọdún méjì, ẹ dà á nù: omi tó ti wọ inú rẹ̀ á hó bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọwọ́ búréèkì á sì rọ̀ lójijì.

Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ àpótí ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kó sún mọ́ àga. Ẹrù tó wúwo nínú àpótí ẹ̀yìn ló ń mú kí alùpùpù máa jó lórí eré. Fún taya tí kò ní túbù, ẹ mú okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń dí ihò àti pọ́ǹpù kékeré 12V. Ìgò gáàsì gíráàmù 16 kan kò lè gbé taya ẹ̀yìn. Ó máa ń gbà tó mẹ́ta sí mẹ́rin. Aṣọ òjò tí wọ́n ń wọ̀ lé jákẹ́ẹ̀tì lórí dára ju èyí tó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì lọ, torí jákẹ́ẹ̀tì tó bá mu omi á máa tutù sí yín lára títí alẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ kí òjò tó dé. Ẹ kó gàrí, súgà àti ẹ̀pà sínú ọ̀rá: kò wúwo, kò nílò iná, ṣọ́ọ̀bù abúlé sì máa ń tètè tì, òmíràn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi.

Táǹkì lítà 15 lè gbé yín tó máìlì 165 bí alùpùpù bá ń rin máìlì 50 lórí gáálọ́ọ̀nù kan. Síbẹ̀, bí ó bá ti dé ìdajì, ẹ rà á níbi tí ẹ bá kọ́kọ́ ti rí ilé epo. Íntánẹ́ẹ̀tì á sọnù fún wákàtí gbọọrọ, nítorí náà ẹ kó máàpù sórí fóònù tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mú ti ìwé dání. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ «register» ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí ìpè ohùn kò ti lè lọ. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì ńlá lè ba kámẹ́rà fóònù jẹ́. Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021. Ohun ìgbámú tó ní rọ́bà tó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra ni kí ẹ lò.

Lórí títì tóóró, ibi ìyàsí tí pátákó funfun wà ni ọ̀rọ̀ gbogbo dá lé. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ yà sí i. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ dúró sí òdìkejì rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe sá kọjá nítorí pé alùpùpù kò fẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ ló wà létí títì, ó sì ń yọ̀. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọjá. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín tó fẹ́ yára, ẹ yà fún un. Olùgbé ibẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Ibi ìyàsí kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Irin tí wọ́n tẹ́ sójú títì kí ẹran má baà kọjá, tààrà ni kí ẹ gbà á, ẹ má tẹ búréèkì, ẹ má fi ara kẹ́gbẹ̀ẹ́, pàápàá nígbà tí omi bá wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí àgùntàn kan tó sọdá, ẹ dúró de èkejì. Nípa ọtí, Scotland le ju England lọ: láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ ni òpin wọn, nígbà tí England ṣì wà ní 80.

Ó wá ku Bealach na Bà, òkè ọjọ́ kẹfà, láàárín Applecross àti Lochcarron, tó ga ní mítà 626. Bí ẹ bá gba ìlà-oòrùn bí a ṣe wí, ẹ̀gbẹ́ tó kún fún kọ́nà tó ṣẹ́rí padà yẹn lẹ ó sọ̀, sísọ̀ sì ṣòro ju gígùn lọ nígbà tí ẹrù wà lẹ́yìn. Gía kìíní tàbí èkejì ni kí ẹ fi sí kí ẹ tó dé kọ́nà, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ dín eré kù. Ẹ fi búréèkì ẹ̀yìn dì í díẹ̀, kí ẹ fi ti iwájú sílẹ̀ nínú kọ́nà. Ibi tí ojú bá ń wò ni alùpùpù ń lọ: ẹ yí orí pátápátá sí ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí, ẹ má wo irin ẹ̀gbẹ́ títì àti àfonífojì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kúrò ní Applecross láàárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó máa gùn bọ̀. Bí ìkùukùu bá ti bo òkè, títì etíkun tí ẹ gbà wọlé láti Shieldaig ṣì wà níbẹ̀: ẹ padà gbà á, ẹ ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.