Alákàrà ló kọ́ mi níṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sídìí títo ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Láti ìgbà tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ti bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n ló ń pàṣẹ ìgbà tí èèyàn máa jókòó. Nígbà èwe wa, ilà aláwọ̀ mèremère la máa ń tẹjú mọ́ títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tó bá di mẹ́sàn-án alẹ́, ìròyìn NTA ni. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, àfi NEPA.

Bí mo ṣe bá iṣẹ́ nìyẹn, mo wá rò pé èmi ni mo ni aago. Lọ́jọ́ kan mo gbé eré Yorùbá alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ sí ọ̀sán Àìkú, torí pé báńkì kan fẹ́ ra wákàtí náà. Mi ò sì kéde rẹ̀ tó. Láàárọ̀ Jímọ̀, alákàrà ẹnu géètì wa kọ̀, kò ta àkàrà fún mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo sáré palẹ̀ mọ́, mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹni tó wọ kóòtù ló ń bá mi sọ̀rọ̀ owó! Ọ̀sán Àìkú kẹ̀? Ṣé o ò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń wà ni?"

Láti ọjọ́ náà, kí n tó fi eré síbì kan, mo máa ń bi ara mi pé: ta ló wà nílé, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Òfin 1992 mú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aládàáni wá, sátẹ́láìtì tẹ̀ lé e, Netflix náà dé ní 2016. Ẹ mọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé àtẹ ètò, èyí tó ń sọ ọjọ́ àti aago tí eré máa jáde, ti kú. Nígbà tí a gbé eré wa sórí YouTube, tí kálukú lè wò ó nígbà tó bá wù ú, ohun tí àwọn òǹwòran ń bi wá ṣáá ni, "Ọjọ́ wo ni apá kejì ń bọ̀?" Aago ló kú, ọjọ́ kò kú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré la fi pa wọ́n tì, èébú alákàrà kéré sí tiwọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dúró di ọ̀gànjọ́, torí owó dátà òru kéré. Wákàtí tí a máa ń sọ pàǹtí sí láyé ijọ́un nìyẹn o!

Mo kọjá lẹ́nu géètì náà láìpẹ́ yìí. Ọmọ alákàrà ló ń dín àkàrà báyìí. Ó fi láílọ́ọ̀nù wé fóònù kí òróró má ta sí i, ó gbé e ti ike ata. Eré ń lọ. Kò gbójú sókè títí tó fi ka àkàrà mi tán.