Bí wọ́n bá fẹ́ fi kún owó ìdarí bàálù, ẹ bèèrè iye bàálù tí wọ́n fi pín in

Láti Ìkòròdú ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́ n'Íkẹjà, ní iléeṣẹ́ bàálù kékeré kan tí mo ti ń ṣe akáǹtì. Owó kan wà tí ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ kò mọ̀ pé à ń san: owó ìdarí bàálù. Òun ló wà fún àwọn tó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti ilé gogoro, fún rédà, fún rédíò, àti fún ẹ̀rọ tó ń tọ́ bàálù sọ́nà nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀. NAMA ló ń ṣe iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, NCAA ló ń ṣàmójútó ọkọ̀ òfuurufú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà kọ́ ló yẹ kó dá nìkan sọ pé iye òun tọ́.

Bí àbá àfikún owó bá jáde, ariwo iye owó ni gbogbo èèyàn máa ń pa. Èmi kọ́ láti kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé tí wọ́n kọ iye bàálù tí wọ́n rò pé yóò fò sí. Ìdí ni pé ìnáwó iṣẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: bàálù ì báà pọ̀, ì báà kéré, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó, rédà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tí wọ́n bá wá sọ pé bàálù díẹ̀ ni yóò fò, owó tó kan bàálù kọ̀ọ̀kan á lọ sókè láìjẹ́ pé wọ́n ná kọ́bọ̀ kan lé e. Bí bàálù bá wá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ta ni owó tó lé yẹn wà? Ìbéèrè tí ẹ̀yin oníléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ bi wọ́n nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú iye owó ìdarí bàálù tí CAA, àjọ tó ń ṣàmójútó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, fọwọ́ sí fún 2023 sí 2027, ètò wà fún pínpín èrè tàbí àdánù bí iye bàálù bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n retí. Kòrónà ní 2020 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré: bàálù dúró, owó oṣù kò dúró, wọ́n sì ní láti pín àdánù náà sórí owó ọ̀pọ̀ ọdún ní Yúróòpù.

Ìbéèrè kan náà ni mo gbé lọ sípàdé àwọn onílé ládùúgbò wa ní Èbúté, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi kún owó ọlọ́dẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Alága, ilé mélòó lẹ fi pín in?”

“Ìyá Tóbi, àwọn ilé tó wà nínú ìwé ni.”

Ìwé yẹn ti pẹ́. Àwọn ilé tuntun tí ayálégbé ti kó sí kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé kà wọ́n kún un, owó sì wálẹ̀.

Ẹ tún wo bóyá owó náà ti ń gba ibòmíràn wọlé. Nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí à ń rà nílẹ̀ yìí ni 5% wà tí àwọn àjọ ọkọ̀ òfuurufú ń pín, NAMA sì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí èyí hàn nínú ìṣirò wọn. ICAO, àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, náà ní kí owó bá ìnáwó mu, kí ó má ṣojúsàájú, kí ó hàn kedere, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń san án jíròrò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣèṣirò bí ìwúwo bàálù yín ṣe kan owó tí ẹ ó san. Lábẹ́ ìlànà Eurocontrol, àjọ tó ń rí sí ìdarí bàálù ní Yúróòpù, bàálù 200 tọ́ọ̀nù kì í san ìlọ́po mẹ́rin owó bàálù 50 tọ́ọ̀nù lójú ọ̀nà kan náà. Ìlọ́po méjì ni, torí square root ìwúwo ni wọ́n ń lò, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó máa fún yín ní ìwúwo náà. Bí wọ́n bá yí ìlànà bẹ́ẹ̀ padà díẹ̀, ẹrù lè ṣí kúrò lórí ńlá bọ́ sórí kékeré.

Ẹ má sọ pé wọn ò ní gbọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù bèèrè àfikún 100%. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, 50% ni NCC, àjọ tó ń ṣàmójútó wọn, fọwọ́ sí. Ẹ kọ lẹ́tà yín kí gbèdéke tó pé, kí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé dá yín lóhùn. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ kékeré, ẹ má dúró de àwọn ńlá kí wọ́n bá yín sọ ọ́. Bàálù yín kò wúwo tó tiwọn, ibi tí àfikún náà yóò ti dùn yín lè má kan wọ́n rárá.