Kí Ẹ Tó Béèrè Ìṣẹ́jú, Ẹ Béèrè Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Máa Há Sí

Ẹ̀yin àbúrò mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní Àlàbàtà àti ní Òjèrè, l'Abẹ́òkúta níbí, ẹ kú iṣẹ́. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ sìmúléṣọ̀n rẹ́sìnì bá délẹ̀, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà wo bí rẹ́sìnì, oje tó máa ń dì di líle, ṣe máa ṣàn wọ inú aṣọ fáíbà kí a tó tú u sílẹ̀, ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mélòó ni kọ̀ǹpútà ní ó máa gbà kó tó kún?" N ò bá yín wí, nítorí ohun tí sọ́fítíwíà máa ń kọ síta gàdàgbà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀, ni pé ibi tí afẹ́fẹ́ máa há sí ló yẹ ká kọ́kọ́ wá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa: aṣọ fáíbà gbígbẹ, tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín bíi ti gíláàsì tàbí kábọ́ọ̀nù hun, la máa ń tò sórí móòdù, ohun tó ń fún un ní ìrísí. A ó fi ọ̀rá bò ó, a ó lẹ etí ọ̀rá náà pa kó má jò, a ó wá fi póòǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Tí a bá tú rọ́bà tó wọnú ike rẹ́sìnì sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òde ni yóò ti rẹ́sìnì wọ inú aṣọ. Iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ti ọkọ̀ ojú omi àti táǹkì nìkan. Ìyẹ́ bàálù Airbus A220 tí wọ́n ń ṣe ní Belfast, inú aṣọ kábọ́ọ̀nù gbígbẹ ni wọ́n ń darí rẹ́sìnì sí, kó tó di pé ó dì nínú autoclave, ìyẹn ààrò ńlá tó ń fi ooru àti agbára afẹ́fẹ́ tẹ nǹkan. Ìyẹ́ MC-21 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bàálù tó kọ́kọ́ fò ní 2017, kò tilẹ̀ dé inú autoclave rárá. Bí rẹ́sìnì bá dì nígbà tí ibì kan ṣì gbẹ nínú irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí bí a ṣe lè tú u ká tún un tò. Àwọn ihò tí ojú ò rí pàápàá ń jẹ agbára rẹ̀: bí ihò bá fi 1% pọ̀ sí i, agbára tó so ìpele aṣọ kan mọ́ èkejì lè dín kù ní nǹkan bí 7%.

Òfin tó wà nídìí gbogbo sìmúléṣọ̀n yìí ti pẹ́. Henry Darcy, ẹnjiníà ará Dijon ní ilẹ̀ Faransé, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1856, lẹ́yìn tó wádìí bí omi ṣe ń gba inú yanrìn kọjá. Bí a bá lo òfin náà fún rẹ́sìnì tó ń lọ tààrà láti etí kan sí ìkejì, àsìkò tó máa gbà nìyí:

t = φμL² ÷ 2KΔP

φ ni ààyè tó ṣófo láàárín fáíbà, μ ni bí rẹ́sìnì ṣe ki tó, L ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ΔP ni agbára tó ń tì í, K sì ni bí aṣọ náà ṣe ń gba rẹ́sìnì láyè tó. Ẹ mú báírò. Ẹ fi φ sí 0.5, μ sí 0.3 Pa·s, K sí 10⁻¹⁰ m², ΔP sí 100,000 Pa. Bí L bá jẹ́ ìdajì mítà, ẹ ó rí nǹkan bí ìṣẹ́jú 31. Bí L bá di mítà kan, ó di ìṣẹ́jú 125. Ọ̀nà lọ́po méjì, àsìkò lọ́po mẹ́rin! Ọ̀pọ̀ rẹ́sìnì tí kò nílò ààrò ni yóò ti dì kí ìṣẹ́jú 125 tó pé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pín ẹnu ọ̀nà rẹ́sìnì sí ojú méjì tàbí mẹ́ta lórí ohun ńlá. Ẹ má ṣí sọ́fítíwíà kankan kí ẹ tó ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé. Bí ìwé bá ní wákàtí méjì, tí kọ̀ǹpútà sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ lọ yẹ nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ wò.

K ló le jù nínú gbogbo wọn. Ní 2011, àwọn yàrá ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi tẹ èsì jáde lórí irú aṣọ kan náà tí gbogbo wọn wọ̀n, ìyàtọ̀ àárín wọn sì tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn yóò máa gbà wọ̀n ọ́n, ìyàtọ̀ náà rọlẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ wọn ti yín fúnra yín. Kò nílò owó ńlá. Póòǹpù tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò tó, òróró ìsebẹ̀ sì lè dúró fún rẹ́sìnì, tí ẹ bá ti wọn bó ṣe ki tó. Ẹ tẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí gíláàsì, ẹ fa ìlà sí i, ẹ kọ àsìkò tí òróró dé ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ya L² sí àsìkò lórí ìwé gíráàfù. Ìlà tó tọ́ ló yẹ kó jáde, inú bí ìlà náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ni ẹ ó sì ti yọ K. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ìlà yẹn.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ká ní K yín fi ìlọ́po mẹ́wàá yapa lórí gbogbo aṣọ náà lápapọ̀. Àsìkò yóò fi ìlọ́po mẹ́wàá yapa, ṣùgbọ́n ibi tí rẹ́sìnì máa dé kẹ́yìn kò ní kúrò níbi tó wà! Ohun tó ń gbé e kúrò ni ìyàtọ̀ láàárín ibì kan àti ibòmíràn: bí aṣọ ṣe ń gba rẹ́sìnì lóòró àti níbùú, ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́, àti etí. Etí yìí gan-an ni kí ẹ fiyè sí jù.

Bí aṣọ kò bá kan ògiri móòdù dáadáa, rẹ́sìnì á gba ẹ̀bùrú. Àlàfo mìlímítà kan péré, tí a bá fi h² ÷ 12 ṣírò rẹ̀ (h ni bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó), K tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8 × 10⁻⁸ m², ìyẹn ju ìlọ́po 800 ti aṣọ wa lọ. Rẹ́sìnì á sáré gba etí, á dé ẹnu rọ́bà póòǹpù ṣáájú, á dí i, á wá máa padà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ò ní ríbi gbà jáde mọ́. Àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú mọ irú nǹkan báyìí dáadáa: kí wọ́n tó ri aṣọ sínú aró ni wọ́n ti mọ ibi tí aró ò ní dé, nítorí ọwọ́ wọn ló fi ìko so ó. Tiwọn, funfun yẹn ni ẹwà aṣọ. Tiwa, ibẹ̀ ni ìyẹ́ yóò ti là. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ní.

Ohun kan tún wà tí àwòrán lè fi bò wá lójú. Àwọ̀n tí a ń tẹ́ sórí aṣọ kí rẹ́sìnì lè yára máa ń jẹ́ kí òkè kún ṣáájú ìsàlẹ̀, aṣọ kì í sì í sábà gba rẹ́sìnì wọ inú rẹ̀ lọ bó ṣe ń gbà á lọ ní ìbú. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá nípọn, ẹ má lo mẹ́ẹ̀ṣì (àwọn ẹyọ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń pín ohun náà sí) pẹlẹbẹ. Ẹ fi ìpele sí i, kí ẹ lè rí ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sìmúléṣọ̀n kan ṣoṣo. Ẹ ṣe ti etí méjèèjì tó dí, ti òsì tó ṣí, ti ọ̀tún tó ṣí, ti méjèèjì tó ṣí. Ẹ to àwòrán wọn síra, kí ẹ wo ibi tó kún kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde síbi tó máa bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mu, bí àsìkò rẹ̀ tilẹ̀ fi díẹ̀ pẹ́ sí i. Ẹ fi àwòrán náà han àwọn tó ń to aṣọ kí wọ́n tó mú sísọ́ọ̀sì. Àwọn ló mọ igun tí aṣọ kì í fẹ́ jókòó sí, ohun tí wọ́n bá sì sọ lè fi sìmúléṣọ̀n karùn-ún kún iṣẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú rẹ́sìnì sílẹ̀, ẹ fi máàkà fa ìlà tí kọ̀ǹpútà sọ sórí ọ̀rá, kí ẹnì kan dúró tì í pẹ̀lú aago. Bí apá òsì bá ti ń ṣáájú, ẹ ti mọ àwòrán tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ sì ti mọ rọ́bà tí ẹ máa fún pa.