Ọ̀bẹ Bàbá nínú ọ̀rá

Àlàmísì, lẹ́yìn Ìṣáì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló gbé e wá nírọ̀lẹ́. Ọ̀rá méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wàrà díndín kún ọ̀kan bámúbámú, ọ̀bẹ àpò mi wà nínú èkejì, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi wé e. "Bàbá mi ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ ṣeun ọ̀bẹ." Mo ní kó bá mi kí wọn. Mo ti ọ̀bẹ bọ àpò láìwò ó, torí ara wàrà ni ojú mi wà. Wàrà yẹn pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ lásán lọ. Ó yẹ kí n ti fura.

Nígbà tí a jókòó, àwọn ìbejì ń jà sí èyí tó tóbi jù, mo ní kí n gé e sí méjì fún wọn. Mo yọ ọ̀bẹ, mo fi èékánná fa ojú rẹ̀ síta. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó kán lọ tó gígùn èékánná àtàǹpàkò, ibi tó ti kán sì rí hunrun-hunrun bí ojú òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Àwọn ọmọ ń wò mí. Mo gé wàrà náà. Ìyókù ọ̀bẹ ṣì mú dáadáa.

Bàbá mi ni wọ́n rà á bọ̀ láti Mẹ́kà lọ́dún 1994. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ra kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ra tẹ̀sùbáà, wọ́n ru omi Zamzam. Bàbá náà ru tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá nígbà tí wọ́n dé. Ó pupa, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ tí o bá pa á dé, àgbélébùú funfun kékeré kan sì wà lára èèkù rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò láyà láti bi Alájì léèrè. Irin kan tún wà níbẹ̀ tó lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Òun ni àwọn òyìnbó fi ń fa ìdérí ìgò wáìnì. Bóyá Bàbá ò mọ̀, bóyá wọ́n mọ̀ tí wọn ò sọ. Okùn àgbò Iléyá ni wọ́n fi ń tú ní tiwọn: tí kókó bá ti le jù, wọ́n á ki irin yẹn bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n á fà á, ó di títú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n rọ ọ́ fún. Mo rẹ́rìn-ín títí, mi ò sì sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde láyé lọ́dún 2011, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, èmi ní kí wọ́n bá mi yọ ọ̀bẹ sọ́tọ̀.

Àlàdì tó kọjá ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Adéta, ní Ìlọrin níbí. Wòlímọ̀ ọmọ wọn obìnrin ti sún mọ́lé, wọ́n ń kun ilé. Mo bá wọn nídìí jẹnẹrétọ̀, wáyà rẹ̀ ti já, eyín ni wọ́n sì fẹ́ fi bó o. Ẹni tó ti lé láàádọ́ta ọdún! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà," ọwọ́ mi sì ti wà lápò kí ẹnu mi tó pa dé. Wọ́n bó wáyà náà wàrà-wàrà. Wọ́n yí ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn, wọ́n ń fa irin rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé. "Bàbá Ìbejì, ọ̀bẹ yìí dára o. Ẹ jẹ́ n lò ó dé Àtàlátà."

Kí lèmi fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ ìsoyìgì wa, àwọn ló jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá wọn. Mo ní kò burú sà.

Lálẹ́ yìí mo gbé e sábẹ́ iná, mo wò ó dáadáa. Ọ̀dà funfun wà níbi tí ojú rẹ̀ ti ń ṣẹ́ wọnú èèkù, ó tín-ín-rín bí òwú. Ó yé mi nígbà náà. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni wọ́n fi hú.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ rèé, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ irin lè má kà á sí: irin tí wọ́n ṣe fún irú ìyẹn wà lára ọ̀bẹ náà, kò jìnnà síbi tí wọ́n fi èékánná fà. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó nípọn, òun ni wọ́n fi ń ṣí ìdérí ìgò, òun náà ni sukuduráfà. Kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Ojú ọ̀bẹ ní tirẹ̀, wọ́n ti fi iná sọ ọ́ le kó lè máa mú pẹ́, irin tó bá sì le báyẹn kì í tẹ̀, ńṣe ló ń kán. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe ládùúgbò Táíwò láti ọdún 2003, abẹ́rẹ́ tó ti kán níwájú mi kò lóǹkà, ohun kan náà ni. Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ wa bá rọ ì bá kàn tẹ̀, èèyàn á gbé e sórí òkúta, á fi òòlù lù ú, ó tán.

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù bóyá wọ́n lè pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ìṣó idẹ ni wọ́n fi kàn án pọ̀, àfi kéèyàn kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìtàn rẹ̀. Karl Elsener ló dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní Switzerland lọ́dún 1884, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ fún àwọn sójà wọn lọ́dún 1891, èyí tó ní irin ìfawáìnì dé lọ́dún 1897. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 1909, ó fi orúkọ ìyá náà, Victoria, sára ọ̀bẹ. "Inox" tí wọ́n wá so mọ́ ọn ní 1921 túmọ̀ sí irin tí kì í dógùn-ún. Victorinox. Orúkọ ìyá ẹni ẹlẹ́ni ni mo ti ń gbé kiri lápò ṣòkòtò láti ọjọ́ yìí.

Ìyàwó mi wo ọ̀bẹ, ó wò mí. "Ṣé ẹ ò rí wàrà ni?"

Mo ní mo rí i, mo ti jẹ mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi wàrà tó pọ̀ tó yẹn ránṣẹ́ sí èèyàn lásán. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á báyìí!"

Ohun tó ń sọ yé mi. Mi ò kàn gbà pé wàrà lè gba ẹnu èèyàn sọ̀rọ̀ ni. Ká ní wọ́n ní, "Àna, ọ̀bẹ yín kán mọ́ wa lọ́wọ́," ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti ní kò sí wàhálà sà, àfira ni, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí jùyẹn lọ. Bí mo bá ti sọ ọ́ jáde, èmi náà ì bá sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á dé, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n fi rán ọmọdé.

Mo sọ gbogbo ìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló sọ ìtayín nù?"

Àṣìṣe mi ni, èmi ni mo sọ ìtàn yẹn fún un. Ihò kékeré méjì ló wà ní ìdí èèkù. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún wà nínú ọ̀kan, ìtayín oníke wà nínú èkejì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo jí ọ̀bẹ náà mú lọ sílé kéwú láti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mi ò mọ ibi tí ìtayín já bọ́ sí. Mo dá ọ̀bẹ padà sápò gbáríyẹ̀ Bàbá kí ẹnikẹ́ni tó jí láti oorun ọ̀sán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí wọn lórí ẹní, wọ́n ń fi èékánná wá a nínú ihò. Wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká, wọn ò wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n fa ẹyọ kan yọ lára ọwọ̀, wọ́n gé e níwọ̀n, wọ́n fi ọ̀bẹ náà gbẹ́ orí rẹ̀, wọ́n tì í bọ ihò. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó ti pọ́n bí ewé tábà. Mo fà á yọ lálẹ́ yìí, mo sì dá a padà.

Lọ́jọ́ Sátidé ni màá tún orí rẹ̀ ṣe. Àwọn Hausa tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ ní Òjà-Ọba lè parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn yára, ó ń gbóná. Tí irin bá ti yí padà di aró pẹ́nrẹ́n, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ní mú pẹ́ mọ́. Òkúta àti omi ni màá fi ṣe é, pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni èèyàn ti ń jẹ ẹ́ wálẹ̀ títí yóò fi pàdé ojú. Ẹni tó bá ti ojú jẹ ẹ́ lọ sẹ́yìn, ṣóńṣó tuntun yẹn á máa yọrí tí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, á sì máa gún un nítan.

Ìlọ irin ṣáà nìlú wa. Bàbá mú mi lọ wo òkúta náà ní Ìdí-Àpẹ nígbà kan, èyí tí wọ́n ní Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ fi ń lọ irin rẹ̀ kí Ìlọrin tó di ìlú. Mo ti rò pé ohun ńlá kan ni màá rí. Òkúta ni mo rí. Ebi ń pa mí, mo ní ká máa lọ sílé.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé tí fóònù fi dún. Ẹ̀gbọ́n ni.

"Bàbá Ìbejì, ṣé wàrà yẹn dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó dé sà. Ẹ ṣeun gan-an, a ò lè jẹ ẹ́ tán."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn sà."

Wọ́n dákẹ́. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn lábẹ́lẹ̀. Èmi náà dákẹ́.

"Ọ̀bẹ yẹn," wọ́n ní, "Alájì ló ni ín, àbí?"

"Àwọn ló ni ín sà."

"Hẹn-ẹn." Wọ́n tún dákẹ́. "Ẹ yà lọ́dọ̀ mi lọ́la tẹ́ ẹ bá kírun Jímọ̀ tán. Ká jọ jẹun."

Mo ní mo ń bọ̀ sà. Ìyàwó mi gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ni wọ́n sọ.

Mo ní wọ́n ní kí n wá jẹun.