Ìwé Ọmọ Ìbílẹ̀ àti Àwọn Ère Ẹ̀sìẹ́

Ìlọrin, alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Èmi àti ọmọ àbúrò mi obìnrin la jọ lọ sí Òmù-Àrán lónìí, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó fẹ́ wọ̀ ń béèrè ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlọrin ni a bí i sí, Táńkẹ̀ ni ó dàgbà sí, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ agboolé kan ní Ìta-Ògúnbọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Òmù-Àrán ni baba rẹ̀, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ni wọ́n ní kí ó lọ jẹ́rìí pé ọmọ náà ní ìlú. Nínú ọkọ̀ ni ó ti bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ̀yin ilé ìyá mi kì í ṣe ará ilé mi ni?" Mo ní kí a kọ́kọ́ gba ìwé náà ná, kí a tó dá ẹjọ́ yẹn.

A pẹ́ níbẹ̀ kí akọ̀wé tó dé, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ. Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ti baba ṣíwájú ti ìyá: ẹni tí a bí sí orílẹ̀-èdè yìí lẹ́yìn òmìnira di ọmọ orílẹ̀-èdè bí ìyá rẹ̀ tàbí baba rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí ó bí wọn, bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Abala 15 tilẹ̀ ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbikíbi tí ó bá tẹ̀dó sí, kí wọ́n sì máa gba àwọn tí ìlú wọn yàtọ̀ síra níyànjú láti fẹ́ ara wọn. Ó ṣeni láàánú pé Orí Kejì ìwé òfin náà ni abala yìí bọ́ sí, ilé-ẹjọ́ kò sì lè torí rẹ̀ fi ipá mú ìjọba ṣe ohunkóhun. Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ti ṣe ohun tí òfin gbani níyànjú láti ṣe. Ọmọ wọn ni ó ń san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Bí a ti gba ìwé tán, mo ní kí awakọ̀ ya sí Ẹ̀sìẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí ọmọ yìí fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ère tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n lé ní 800. Òkúta rírọ̀ ni a fi gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ jókòó sórí àpótí, àwọn kan mú idà dání, ilà ojú wọn ṣì hàn ketekete, irun orí àwọn obìnrin inú wọn sì wà ní dídì bí ẹni pé àná ni wọ́n ti ọ̀dọ̀ onídìrí dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kán. Ọdún 1933 ni òyìnbó kan tí ó ń bẹ ilé-ìwé wò fi ìròyìn wọn tó ìjọba amúnisìn létí, nígbà tí ó sì di ọdún 1945, a kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Ẹ̀sìẹ́, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé nígbà tí àwọn baba ńlá Ẹ̀sìẹ́ dé ibẹ̀, inú igbó ni wọ́n ti bá àwọn ère náà, àti pé àlejò ọ̀nà jíjìn tí ó di òkúta ni wọ́n.

Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ pé àwọn ni ó gbẹ́ ère wọ̀nyí, wọn kò sì pe àwọn tí ó gbẹ́ wọn ní baba. Ìtọ́jú ni wọ́n fi gbà wọ́n: wọ́n ṣọ́ wọn, wọ́n ń ṣọdún wọn, wọ́n fi ọ̀kan jẹ Ọba Ère láàárín wọn. Lónìí, ta ni yóò dárúkọ Ẹ̀sìẹ́ tí kò ní fi ère kún un? Ọ̀nà kan nìyí tí ènìyàn ń gbà di oníǹkan láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀, kò sì sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù tí a kọ lówùúrọ̀.

Ìlọrin tiwa náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Balógun mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ti Fúlàní, ti Gàmbàrí, ti Àjíkòbí àti ti Alánàmú, orírun olúkúlùkù sì wà nínú orúkọ agboolé rẹ̀, síbẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń ṣàwàdà. Oríkì ìlú ní kò sí eégún níbẹ̀, pé ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ sì ni orò wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ṣèwádìí dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, ní inú iwì àwọn ọlọ́jẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Orin tí ó ti abẹ́ agọ̀ jáde ni a fi ń ki ọmọ Àlímì, àfáà Fúlàní tí ìdílé rẹ̀ ń jọba Ìlọrin. Àwọn àfáà kan kò fẹ́ gbọ́ èyí, mo sì mọ ìdí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí olóògbé Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, olórin dàdàkúàdà, bá ń lé nínú àwo rẹ̀, tí elégbè ń gbè é, mi ò tíì rí ọmọ Ìlọrin tí kò mi orí.

Ti àwọn agbẹ́gilére tún wá yé mi sí i. Ọmọ Òsì ni Àrẹ̀ógún tí ó kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ni ó kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá ní iṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àlùfáà ìjọ Àgùdà, Kevin Carroll, dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Mùsùlùmí ni Lámídì, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú ìwé ìjọba òde òní, Kwara ni Òsì, Ọ̀ṣun ni Ìlá, Èkìtì ni Ọ̀yẹ́.

Mi ò fẹ́ ṣe àsọdùn ṣá o. Iṣẹ́ ọnà náà a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn: bí orò bá ń ké, inú ilé ni ti obìnrin, olórin sì sábà máa ń ki ẹni tí ó bá nawó ju aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní lọ. Síbẹ̀, níbi ìkómọ kan ládùúgbò wa, olórin dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ìgbò tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níwájú ilé wa, kò sì mọ orílẹ̀ rẹ̀. Ó fi orin bi í léèrè orúkọ ìlú baba rẹ̀, ọkùnrin náà fi Yorùbá Ìlọrin dáhùn, elégbè sì gba orúkọ ìlú náà lẹ́nu rẹ̀, ó di ègbè. Àwọn ọmọ rẹ̀ jó. Bí wọ́n bá fẹ́ ìwé-ẹ̀rí lọ́jọ́ iwájú, Ẹnúgu ni wọn yóò wá a lọ, olórin kò sì ní òǹtẹ̀ tí yóò lù fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé iṣẹ́ kù fún àwọn aṣòfin: kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ abala 15 yẹn síbi tí ilé-ẹjọ́ ti lè fọwọ́ kàn án.