Èso Tí Ẹnìkan Kì Í Jẹ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Epo Bọ̀tujẹ̀

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn àbúrò tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ kẹ́míkà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ń gbé àbá iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀: pé bọ̀tujẹ̀ kì í ṣe ohun jíjẹ, pé ó ń hù lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, nítorí náà dísẹ́ẹ̀lì tí a bá fi epo rẹ̀ ṣe kò ní bá ẹnikẹ́ni du oúnjẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èso tí ẹnìkan kì í jẹ ni èso tí ẹnìkan kì í tọ́jú, èyí kò sì sí nínú àbá ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Èkínní kò gùn: ìmọ̀ náà dára, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀. Níbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Paris lọ́dún 1900, ẹ̀rọ kan irú èyí tí Rudolf Diesel ṣẹ̀dá fi epo ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Epo tí a bá ṣe dáadáa kò ní imí-ọjọ́ nínú tó nǹkan, kì í sì í tètè gbiná bíi dísẹ́ẹ̀lì inú ilé epo.

Èkejì ni pé kí ẹ wọn ásíìdì inú epo kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ ti mọ èyí. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n fún ikọ̀ wa lówó láti ṣe epo tí yóò máa wa ẹ̀rọ ìlọgaàrí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé. Ọgbà ni àwọn ará ibẹ̀ ń fi bọ̀tujẹ̀ ṣe yí oko wọn ká, nítorí ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kórè rẹ̀ rí. Èso rẹ̀ kì í sì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà: lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ ó rí tútù, ẹ ó rí pípọ́n, ẹ ó rí èyí tó ti gbẹ. Àpò ni ọ̀gá wa fi ń ka owó fún àwọn obìnrin tó ń ká a, nítorí náà wọ́n ká gbogbo rẹ̀ papọ̀, wọ́n sì ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn. N kò bá wọn wí. Wọ́n wá kó àwọn àpò náà sí yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, níbi tí wọ́n wà ní gbogbo àkókò òjò nítorí pé owó ẹ̀rọ ìfúnpo kò tíì jáde. Kò sí ìyá elépà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè ṣe ẹ̀pà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń rajà yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ta ni yóò gbóòórùn bọ̀tujẹ̀?

Bí ọ̀rinrin bá ti wọnú èso, ọ̀rá inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí já, a sì di ásíìdì. Bí ásíìdì yìí bá ti lé ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100, kọ́sítíìkì sódà, tí a ń dà pọ̀ mọ́ methanol (irú ọtí kẹ́míkà kan) láti sọ epo di dísẹ́ẹ̀lì, yóò fi epo sílẹ̀, yóò sì sọ ásíìdì di ọṣẹ. Èmi ni mo wọn tiwa; ó ti kọjá ìdá 10 nínú 100. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́kọ́ fi methanol àti ásíìdì, irú èyí tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀, sè é, kí a yọ omi inú rẹ̀, kí kọ́sítíìkì tó kàn án. Ìyẹn gba methanol púpọ̀ sí i àti àkókò, àlejò sì ń bọ̀. Mo mú ìwé lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí n fi kún kọ́sítíìkì, pé yóò ká a. Dípò kí gílísárìn, ohun tó ń yọ kúrò lára epo, rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kí epo mímọ́ dúró lókè, gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù náà ki bí ẹ̀kọ tí kò dì. Nígbà tí àwọn àlejò dé, dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì rà nílé epo ni ẹ̀rọ náà lò, àwọn obìnrin tó ká èso sì pàtẹ́wọ́. Ìròyìn iṣẹ́ náà ní a ṣàṣeyọrí. Wọ́n kọ orúkọ mi sí i láìbéèrè lọ́wọ́ mi, inú mi kò sì tíì yọ́ sí ọ̀gá náà títí di òní.

Irú ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní gbangba ayé. Lọ́dún 2007, iléeṣẹ́ epo méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BP àti D1 Oils, dawọ́ pọ̀ láti gbin bọ̀tujẹ̀ tó hẹ́kítà mílíọ̀nù kan. Nígbà tó di 2009, BP ti yọwọ́. Igi ìgbẹ́ ni bọ̀tujẹ̀. Wọn kò tíì tọ́ irúgbìn rẹ̀ dàgbà láti ìran dé ìran bí a ti tọ́ àgbàdo. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í kú, ṣùgbọ́n kì í so tó nǹkan. Kí ó tó so, ó fẹ́ omi àti ilẹ̀ ọlọ́ràá, ilẹ̀ ọlọ́ràá sì ni ilẹ̀ iṣu, tí gbólóhùn tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ àbá yín ní kò ní fọwọ́ kàn. Ẹ sì yéé tọ́ka sí ọkọ̀ òfuurufú Air New Zealand tí wọ́n fi epo bọ̀tujẹ̀ dán wò ní December 2008: afẹ́fẹ́ haidirójìn ni wọ́n fi ṣe epo yẹn, kì í ṣe methanol àti kọ́sítíìkì tí ẹ ní nínú yàrá àyẹ̀wò yín.

Ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí èyí. Nínú èso bọ̀tujẹ̀, epo kì í sábà lé ní ìdá 40 nínú 100. Èérí ni ìyókù. Èérí ẹ̀pà ń di kúlíkúlí, ti èkùrọ́ ń di oúnjẹ adìyẹ, owó wọn sì ń dín ìnáwó orí epo kù. Ti bọ̀tujẹ̀ ní májèlé. Ajílẹ̀ ló kù tí a lè fi ṣe, àfi bí a bá ná owó mìíràn láti yọ májèlé náà. Ọ̀kan nínú àwọn àbá tó wà lórí tábìlì mi kọ ọ́ pé wọn yóò ta èérí náà fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti ka owó rẹ̀ mọ́ èrè. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí i. Kí ẹni tó ni ín wá gbà á, kí ó sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe láìka owó èérí mọ́ ọn.