Títún Aṣọ Inú Àpótí Rán: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Aṣọ tó wà nínú iṣẹ́ yìí nìwọ̀nyí: ìró áńkárá ọ̀pá méjì pẹ̀lú bùbá rẹ̀, agbádá gíní funfun tó ti pọ́n látàrí pé ó pẹ́ nínú àpótí, tí epo pupa sì ta sí nísàlẹ̀ iwájú, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí kọ́là wọn ti gbó, jíìnsì kan tó ti fẹ́lẹ́ nítan, gáùn léèsì tó ti fún, àti ìpèlé aṣọ òkè kan. A kò ra aṣọ kankan kún un. Òwú, gọ́mù sitéè (aṣọ líle tí àáyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ inú kọ́là kí ó lè dúró), aró àti èròjà rẹ̀ nìkan la rà.

Ìró àti agbádá la kọ́kọ́ mú, nítorí inú wọn ni aṣọ pọ̀ sí jù. Ìró kò ju aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ṣẹ́ létí lọ. Agbádá náà, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, ibi ọrùn nìkan ni wọ́n gé sọnù. Ẹ tú wọn, ẹ ó rí i pé aṣọ tí wọ́n rà lọ́jọ́ kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ pé síbẹ̀. Gáùn tó bá ara mu kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, èyí tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sábà tó ju àpò àti kọ́là lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ ẹbí òun wúlò ju òde kan lọ, ìró àti bùbá ni kí ó fi rán.

Àyẹ̀wò kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án

A tú gbogbo ìṣẹ́tí, a fọ aṣọ, a lọ̀ ọ́, a sì gbé e dojú kọ oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tó ti fẹ́lẹ́ ń mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Ṣọ́ọ̀kì la fi yí i ká. Lára ìró, ibi ìjókòó ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Lára bùbá, abíyá ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ yí ká. Bí ó bá dún bí ẹni ń ya, òwú inú rẹ̀ ti kú, abẹ́rẹ́ máṣíìnì yóò kàn máa lu ihò sí i lára ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú rírán kankan bọ́ síbẹ̀.

Ìdánwò kejì ni ti iná. Ẹ fa òwú kan yọ láti inú ìṣẹ́tí, kí ẹ ṣáná sí i lórí àwo irin. Kọ́tìnnì a jó bíi bébà, eérú rẹ̀ a sì fọ́n. Pọlísítà a yọ́, a ká kò, a sì di kókó líle tí èékánná kò lè fọ́. Ọ̀pọ̀ áńkárá olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà jẹ́ pọlísítà, bó tilẹ̀ jọ kọ́tìnnì lójú. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó náwó sórí aró, nítorí irú aró tí a lò níbí kò mú pọlísítà.

Ìró di ṣẹ́ẹ̀tì

Lẹ́yìn títú, ìró náà gùn ní íńṣì 71, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 46. Ó tó ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú fún ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40. Ibi tó fẹ́lẹ́ wà ní agbedeméjì gígùn rẹ̀, nítorí náà orí kìíní àti orí kejì la ti gé, a sì fi àárín sílẹ̀. Ní orí kìíní, a wọn íńṣì 30 sínú: ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì gba ìbú 24, iwájú kan gba 14, ìbú 8 tó kù ni a gé kọ́là sí. Ní orí kejì, íńṣì 30 náà ni: iwájú kejì gba 14, apá méjèèjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 18 tó sì gùn ní 11 wà lórí ara wọn, ìbú 14 tó kù sì gba bẹ́ǹdì ọrùn àti àpò. Íńṣì 11 àárín, níbi tí aṣọ ti fẹ́lẹ́, kò sí nínú ṣẹ́ẹ̀tì náà rárá.

Iye tí a gé sí 24 àti 14 yìí ní ìdí. Àyà 40, a fi 4 kún un kí èémí lè wọlé, ó di 44. Ìdajì rẹ̀ ni 22 fún ẹ̀yìn, a fi íńṣì kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iwájú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11, íńṣì kan fún ẹ̀gbẹ́, méjì fún ibi bọ́tìnnì. Ẹ má ṣe dín íńṣì kan ti ẹ̀gbẹ́ yẹn kù sí ìdajì nítorí pé aṣọ ń tán lọ; aṣọ tó ti gbó máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán tí ó bá tóóró.

Ẹ wo àwòrán ara aṣọ kí ẹ tó yàwòrán lé e. Bí ó bá ní ẹyẹ tàbí igi tó ní orí àti ìsàlẹ̀, gígé láti orí méjèèjì lè dorí ẹyẹ kodò ní iwájú kan. Ti wa kò ní orí, kò ní ìdí, ìyẹn ló jẹ́ kí ètò yìí ṣeé ṣe. Bákan náà, ihò tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ lu sí ìṣẹ́tí kì í pa dé. Ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sínú ojú rírán, kí ó má bàa hàn síta. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 la lò. Gọ́mù sitéè kọ́là, gbígbé àáyọ́ọ̀nù lé e kí ó dúró ni, kì í ṣe fífà á lọ fà á bọ̀. Fífà ló máa ń jẹ́ kí ó wú bí ó bá kan omi.

Ṣẹ́ẹ̀tì ti parí, ó ku ojú bọ́tìnnì.

Bùbá rẹ̀ kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Abíyá méjèèjì ló ti ya, torí pé apá bùbá rí gbọọrọ, gbogbo ìfà ọwọ́ sì ń kó sí igun kan ṣoṣo. A gé ibi tó kú kúrò, a sì fi aṣọ onígun mẹ́rin, íńṣì 4 sí 4, sí i ní ìdábùú, kí igun kan wọ apá, kí èyí tó kọjú sí i wọ ẹ̀gbẹ́ bùbá. Àfikún yìí ló ń gba ìfà náà báyìí. Láti ara íńṣì 11 àárín ìró la ti gé e, ní ìpẹ̀kun rẹ̀ tó ṣì lágbára.

Agbádá wọ aró

Epo la kọ́kọ́ yọ, nítorí ibi tí epo bá wà kò ní mú aró. Ọṣẹ ìfọwo la fi pa á ní gbígbẹ, a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a tún un ṣe títí kò fi yọ̀ mọ́. Pupa tó kù lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn ni òògùn rẹ̀. Ẹ sá a ní tútù, àwọ̀ epo pupa a máa ṣá lójú oòrùn. Ẹ má da bílíìṣì sí ibi òógùn tó ti pọ́n, ó lè mú kí ó tún pọ́n sí i.

A tú agbádá náà pátápátá. Iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íńṣì 58, ó sì gùn ní 48. Gbogbo rẹ̀ kò pé ọ̀pá mẹ́ta. Òwú ìránṣọ sábà máa ń jẹ́ pọlísítà, bí ẹ bá sì rẹ aṣọ ní rírán, gbogbo ojú rírán yóò máa hàn ní funfun lára búlúù. Òwú ọnà ọrùn wa náà kò mú aró, ṣùgbọ́n ìyẹn dára: ọnà náà yọ ní funfun kedere. Sítáàṣì ara gíní gbọ́dọ̀ jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná mọ́jú.

Fún ọ̀pá mẹ́ta: aró oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, kọ́sítíìkì sódà ṣíbí mẹ́ta, haidirosọ́fáìtì (èròjà oníyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró lè wọ aṣọ) ṣíbí mẹ́fà, omi lítà mẹ́wàá tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó. Ẹ fi omi díẹ̀ po aró títí yóò fi ki, láìní kókó. Kókó aró tí kò yọ́ ló ń fa àmì dúdú tóótòòtó lára aṣọ. Kọ́sítíìkì la ń da sínú omi tútù díẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí láé, ó lè hó, kí ó sì ta sí ojú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn àti ìbomú, ìta gbangba, kí ọmọdé má sí nítòsí. Haidirosọ́fáìtì gbọ́dọ̀ wà ní gbígbẹ nínú ike tó dé dáadáa, torí pé bí omi díẹ̀ bá kàn án ní ibi ìpamọ́, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ omi gbígbóná náà, kí ẹ dé ìkòkò aró náà fún bí ìdajì wákàtí. Bí ó bá ti ṣe tán, omi inú rẹ̀ a jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń pọ́n, a sì ní ìfóòfó búlúù lójú. Bí omi náà bá di búlúù látòkè délẹ̀, haidirosọ́fáìtì ti tán. Ẹ fi ṣíbí kan kún un, kí ẹ dúró. Aṣọ tútù la ń kì bọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ omi láìjẹ́ kí ó yọ sókè, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń di búlúù. Kíkì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń jẹ́ kí ó dúdú. Ẹ má rò pé fífi í sílẹ̀ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Àdìrẹ oníko, ìyẹn síso aṣọ kí ó tó wọ aró, la ṣe sí i, kí pípọ́n rẹ̀ má bàa hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣi èyí ṣe: wọ́n á so ibi àbàwọ́n. Ibi tí a bá so ni yóò wà ní àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́, àbàwọ́n náà yóò sì jókòó sí àárín òdòdó funfun. Ibi tó mọ́ ni kí ẹ so, kí aró lè bo èyí tí kò mọ́.

A ti ṣan án títí omi fi mọ́, a fi omi tó ní fínígà díẹ̀ ṣan án kẹ́yìn, ó ti gbẹ. Gígé ló kàn. Kàftáánì ni yóò dà: iwájú àti ẹ̀yìn, íńṣì 26 ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára ẹ̀yìn agbádá. Ìsàlẹ̀ iwájú, lábẹ́ àpò ọlọ́nà, ṣẹ́ ku íńṣì 20 sí 58. Apá méjì tó fẹ̀ ní 22 yóò jáde níbẹ̀, íńṣì 14 ẹ̀gbẹ́ yóò sì fa ọwọ́ wọn gùn. A kò ní dábùú apá kí ó lè gùn, nítorí dídán gíní yàtọ̀ bí a bá yí i. Apá yóò dà bí aṣọ mìíràn lára kàftáánì kan náà.

Kọ́là, jíìnsì, àti ìyókù

Òkè kọ́là ló ń gbó, níbi tí ó ti ṣẹ́. Ojú tó wà lábẹ́ kì í sábà ní nǹkan kan. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àárín kọ́là àti àárín bẹ́ǹdì, a sì tú ojú rírán kan ṣoṣo, èyí tí kọ́là fi wọ inú bẹ́ǹdì. Ẹ má tú èyí tó so bẹ́ǹdì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. A fi gọ́mù sitéè tín-ín-rín bo ibi tó já, a yí kọ́là padà, a fi pín-ìnnì dè é láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, a sì rán an lórí ihò àtijọ́. Ẹni tí kò bá sàmì sí àárín, etí kọ́là rẹ̀ kan yóò gùn ju èkejì lọ. Kọ́là tó ní àpò ọ̀pá ike lábẹ́ kò ṣeé yí, àpò náà yóò bọ́ síta. Ọ̀kan nínú ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yìí ní in; a yọ kọ́là rẹ̀ kúrò, a sì pa ẹnu bẹ́ǹdì dé. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Itan jíìnsì, ó yẹ ká tún un ṣe kí ó tó dá ihò. Ẹ gé jíìnsì àtijọ́ ní òbíríkítí tó fi íńṣì méjì kọjá ibi tó fẹ́lẹ́, ẹ fi sí inú, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 rán an lọ rán an bọ̀ ní ìlà tó súnmọ́ra. Bí àlẹ̀mọ́ bá parí gẹ́ẹ́ síbi tí fífẹ́lẹ́ parí sí, etí rẹ̀ ni aṣọ yóò ti ya.

Gáùn léèsì jẹ́ pọlísítà, kò ní wọ aró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ṣí, a fi aṣọ láínìn aláwọ̀ kan náà tó fẹ̀ ní íńṣì méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti abíyá dé ìsàlẹ̀. Ó parí.

Ìpèlé nìkan ni a kò tíì fọwọ́ kàn. Ọ̀já híhun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀ di í, nítorí náà réésà lè tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìba nǹkan jẹ́. Ẹtù ló jẹ́, a kò sì ní kì í bọ omi; aṣọ funfun tútù tí a fi nù ún ti gba búlúù. Bí a bá fẹ́ gé e, máṣíìnì yóò kọ́kọ́ rán ìlà méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà, nítorí bí a bá gé e lásán, yóò tú dé àárín. Fìlà kan àti àpò ìfàlọ́wọ́ kan ni a fẹ́ kí ó jẹ́. Ọ̀já méjì ni fìlà yóò gbà fún orí tó jẹ́ íńṣì 22 yíká.